Yvonne Rokseth àti ìwé orin inú ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn

Ní ilé ìkàwé ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Montpellier, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ìwé àfọwọ́kọ kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ H 196, tí kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìṣègùn. Orin ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó lé ní 300 orin olóhùn púpọ̀ tí wọ́n dà kọ sórí awọ ẹran láàárín apá ìkẹyìn ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ irú orin tí wọ́n ń pè ní motet, níbi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé náà kò tóbi rárá, nítorí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19 lọ, síbẹ̀ kò sí ìwé mìíràn tó kó motet ìgbà náà jọ tó o. Ẹni tó jẹ́ kí odindi rẹ̀ ṣeé kà, kó sì ṣeé kọ, fún àwa tí a kò lè gbé e lọ́wọ́ ni Yvonne Rokseth, ará Faransé, tó jẹ́ atẹdùùrù kó tó di ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo gbà pé àwọn ohun tí ènìyàn lè pè ní ìfàsẹ́yìn nínú ìgbésí ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ni ó pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Bí ìwé náà ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn kò ṣòro láti sọ. Ó ti wà rí lọ́wọ́ ìdílé Bouhier, àwọn ọlọ́lá onímọ̀ òfin ní ìlú Dijon, kí ilé ìkàwé wọn tó di ti àwọn mọ́ńkì Clairvaux ní 1781. Nígbà tí ìjọba Ìyípadà Ńlá ilẹ̀ Faransé gba ohun ìní ìjọ, àwọn ìwé náà bọ́ sí Troyes, ibẹ̀ sì ni dókítà kan tó ń jẹ́ Gabriel Prunelle, tí wọ́n rán láti lọ ṣa ìwé jọ fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Montpellier, ti kó o ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Prunelle kò fi ojú dókítà nìkan ṣa ìwé. Ohunkóhun tó bá ti gbó tó sì lẹ́wà ni ó ń di sínú ẹrù. Ní 1865, adájọ́ kan láti àríwá ilẹ̀ Faransé, Edmond de Coussemaker, tẹ 51 jáde nínú àwọn orin náà. Lẹ́yìn èyí, àádọ́rin ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ gbogbo rẹ̀.

Kò yẹ kí ìdí rẹ̀ ya ẹni tó bá ti rí ojú ewé kan nínú rẹ̀ lẹ́nu. Lónìí, bí a bá ń kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin, a máa ń to ohùn kan sábẹ́ èkejì, a sì máa ń fa ìlà sí wọn láàárín kí ojú lè rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Akọ̀wé H 196 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú motet olóhùn mẹ́ta, ohùn òkè, triplum, wà ní apá òsì ojú ewé tàbí kó gba ojú ewé òsì látòkè délẹ̀. Ohùn kejì, motetus, wà ní apá ọ̀tún. Tenor, ohùn ìpìlẹ̀, sì nà gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì péré, nítorí pé ègé orin ìsìn Látìn kan ni ó sábà máa ń jẹ́, ẹni tó ń kọ ọ́ sì ti mọ ibi tó ti wá. Àwọn ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jọ parí, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan tó sọ bí wọ́n ṣe ń pàdé lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohùn kan lè máa yin Màríà Wúńdíá ní èdè Látìn nígbà tí èkejì ń sunkún ìfẹ́ ní èdè Faransé.

Ìṣòro tó wá le jù ni ti gígùn àmì kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi 1280 ni Franco ará Cologne, onímọ̀ orin kan, gbé ìlànà kalẹ̀ pé ìrísí àmì ni kí ó sọ bí ohùn yóò ṣe pẹ́ tó. Apá keje àti ìkẹjọ ìwé náà, tí wọ́n kọ kẹ́yìn, súnmọ́ ìlànà yìí dáadáa. Àmọ́ àwọn orin tó wà nínú àwọn apá àkọ́kọ́ ti wà kí Franco tó kọ̀wé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá láti ayé tí olórin fi ń mọ ìlù orin nípa bí àmì ṣe so pọ̀ mọ́ ara wọn, nípa ìṣírò, àti nípa ohun tó ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ wọ́n sí àmì òde òní ń ṣe ìdájọ́ ní gbogbo ìlà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni, pé àdàkọ ni, pé àwọn tó ń ṣe àlàyé ni ọlọ́gbọ́n. Mo ta ko èrò yẹn pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a mú orin kan láti apá keje. Triplum bẹ̀rẹ̀ báyìí: àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ pípa ọkà àti fífẹ́ ọkà, gbígbẹ́ ilẹ̀ àti títúlẹ̀, ṣùgbọ́n irú fàájì bẹ́ẹ̀ kò wù mí, nítorí kò sí ayé tó dà bíi kí ènìyàn wà nínú ìrọ̀rùn pẹ̀lú wáìnì tó mọ́ gaara àti adìyẹ tó sanra, láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rere. Motetus dáhùn pé ní Paris, ní òwúrọ̀ àti ní àṣálẹ́, búrẹ́dì dáradára wà, ẹran wà, ẹja wà, àwọn ọ̀rẹ́ sì wà, gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀dínwó fún ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí tenor ti mú ègé orin ìsìn wá, ìpolówó ọjà ni a gbọ́: alákiri kan ń pariwo sitirọ́bẹ́rì tuntun àti èso dúdú inú igbó, ó sì ń tún un pè láìsinmi títí orin náà fi parí. Ẹni tó bá ti gbé ní ìgboro ìlú wa mọ̀ pé ìpolówó dáadáa máa ń ní ohùn tirẹ̀ tí kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ọlọ́gbọ́n ni olórin yìí, ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, nígbà tó rí i pé ohùn tí kì í yí padà ni tenor ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ka orin yìí bí ó ṣe wà nínú ìwé, ohùn lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, a kò lè gbọ́ eré náà. Àfi nígbà tí ẹnìkan bá tò wọ́n sábẹ́ ara wọn ni a tó mọ ibi tí sitirọ́bẹ́rì ti bọ́ sábẹ́ wáìnì.

Wọ́n bí Yvonne Rihouët ní 17 Oṣù Keje 1890 ní Maisons-Laffitte, nítòsí Paris. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Conservatoire ti Paris àti ní Schola Cantorum, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn kan dá sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún nítorí pé wọ́n fẹ́ kí orin ìsìn àtijọ́ àti orin àwọn baba ńlá padà sẹ́nu àwọn akọrin. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe orin lọ́dọ̀ Vincent d'Indy àti Albert Roussel, tó sì kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Abel Decaux. Ní Sorbonne, André Pirro ni ọ̀gá rẹ̀. Pirro fúnra rẹ̀ tẹ dùùrù. Iṣẹ́ lórí Bach ni ó sọ ọ́ di olókìkí, ṣùgbọ́n ó máa ń tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, sí ọ̀rúndún karùn-ún dínlógún àti ṣáájú rẹ̀, níbi tí àwọn onímọ̀ kò tíì kọ ìwé púpọ̀ lé lórí. Rihouët fẹ́ Peter Rokseth, ará Nọ́wè, onímọ̀ nípa lítíréṣọ̀ Faransé, orúkọ ọkọ rẹ̀ yìí ni ó sì fi fọwọ́ sí gbogbo iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì tó ṣe. Ìwé tó kọ ní 1933 nípa Grieg, ìlú-mọ̀ọ́ká olórin Nọ́wè, jẹ́ èso ìsopọ̀ yẹn. Kò sí ìdí mìíràn tí atẹdùùrù tó ń wo ayé àtijọ́ yóò fi yà sọ́dọ̀ Grieg.

Dùùrù ni ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé sínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní 1925, ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ tí Société française de musicologie, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ orin ilẹ̀ Faransé, gbé jáde nínú ọ̀wọ́ àwọn orin àtijọ́ wọn ni iṣẹ́ rẹ̀: ìwé dùùrù méjì tí Pierre Attaingnant tẹ̀ ní Paris ní 1531. Òmíràn láti ilé ìtẹ̀wé kan náà tẹ̀ lé e ní 1930, ọdún náà gan-an ni ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú àpilẹ̀kọ ńlá lórí orin dùùrù ní ọ̀rúndún karùn-ún dínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún nígbà náà. Ní ojú àwọn tó ń fi ọjọ́ orí díwọ̀n ẹni tó ń tẹ̀síwájú, ó pẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú àwọn ìwé Attaingnant: motet tí wọ́n ṣe fún ẹnu ènìyàn ni atẹdùùrù mú, tó pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì, tó sì da àwọn ohùn rẹ̀ sí ìka mẹ́wàá, tó ń fi ohùn kéékèèké ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti inú, tó sì tún lè tẹ̀ ẹ́, ti mọ̀ nínú eegun rẹ̀ pé ohun tó wà lójú ìwé kọ́ ni gbogbo ohun tí etí ń gbọ́. Èmi náà ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ̀ pé atẹdùùrù kò lè ka ohùn kan kó tó ka èkejì. Ó di dandan kí ó gbá wọn mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n tí H 196 ń bèèrè gan-an nìyẹn.

Oyè ọ̀mọ̀wé kò sọ ọ́ di olùkọ́ yunifásítì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti 1934 títí di 1937, iṣẹ́ ilé ìkàwé ni ó ṣe, ní Conservatoire àti ní Bibliothèque nationale. Àwọn ọdún wọ̀nyí ni mo kà sí ọdún tí ó fi jẹ ìmọ̀ bí oúnjẹ. Ní àkókò kan náà, obìnrin olówó kan láti Melbourne, Louise Dyer, ti dá ilé ìtẹ̀wé Éditions de l'Oiseau-Lyre sílẹ̀ ní Paris, ó sì ń wá iṣẹ́ ńlá tí àwọn ilé ìtẹ̀wé tó ń wá èrè kò lè dáwọ́ lé. Láàárín 1935 sí 1939 ni ìdìpọ̀ mẹ́rin tó gbé odindi H 196 kalẹ̀ jáde láti ọwọ́ Rokseth lábẹ́ owó Dyer. Àwòrán ojú ewé gbogbo ìwé náà ni ìdìpọ̀ kìíní, méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ orin náà ní àmì òde òní, ìkẹrin sì jẹ́ àlàyé. Ìlànà tó fi tò wọ́n yìí gan-an jẹ́ ìwà ọmọlúàbí fún onímọ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀rí ṣáájú ìdájọ́ ti fún òǹkàwé ní àṣẹ láti ta ko òun, Rokseth sì mọ̀ pé wọn yóò ta ko òun.

Pápá tó wọ̀ kì í ṣe pápá àlàáfíà. Pierre Aubry, onímọ̀ orin ará Faransé, ti tẹ motet 100 láti inú ìwé àfọwọ́kọ Bamberg, ní ilẹ̀ Jámánì, jáde ní 1908, àmọ́ òun àti Jean Beck ń bá ara wọn jà kíkankíkan lórí ta ni ó kọ́kọ́ rí bí a ṣe ń mọ ìlù orin àwọn akéwì ìgbà náà, kí Aubry tó kú ní 1910 níbi ìdánrawò idà. Ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti wá ni Friedrich Ludwig, ará Jámánì, tí kì í pariwo. Ní 1931, Higini Anglès gbé ìwé àfọwọ́kọ Las Huelgas ti ilẹ̀ Sípéènì jáde. Rokseth ní iṣẹ́ Aubry àti Anglès níwájú láti fi ṣe àfiwé. Ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ La Clayette, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn motet kan náà wà nínú rẹ̀, ti sọnù, 1952 ni ó tó padà fara hàn, lẹ́yìn tí Rokseth ti kú.

Ọdún 1935 kan náà ni ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Romania lórí àwọn obìnrin olórin láti ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹrìnlá. Iṣẹ́ kékeré ni bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdìpọ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Títí di ìgbà náà, bí wọ́n bá dárúkọ obìnrin nínú ìtàn orin ayé àtijọ́, ẹni tí wọ́n kọrin sí ni, tàbí ẹni tó sanwó fún olórin. Rokseth gba inú ìwé kọjá láti wá obìnrin tí ó kọrin, tí ó lu ohun èlò, tí ó sì fi í jẹun, àti àwọn obìnrin inú ilé ìsìn tí orin jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ẹ̀rí náà kò farasin: ìwé òfin tí ẹgbẹ́ àwọn olórin Paris gbé kalẹ̀ ní 1321 ń pe ọkùnrin àti obìnrin olórin papọ̀ láti ìlà dé ìlà. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń kọ ìtàn kò kà á sí ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn.

Ní 1937, Strasbourg gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìmọ̀ orin, ní ipò tí Théodore Gérold fi sílẹ̀. Kò sí ibi tó tún yẹ ẹ́ ju ibẹ̀ lọ. Nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Jámánì, láti 1871 sí 1918, Gustav Jacobsthal ni ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ orin níbẹ̀, òun náà sì ti jókòó ti ìwé Montpellier títí ó fi da orin inú rẹ̀ kọ, láìtẹ̀ ẹ́ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Ludwig tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tó rọ́pò rẹ̀, tó sì gbé ìwé atọ́ka ńlá jáde ní 1910, nínú èyí tó ti sọ ibi tí orin kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé gba ìlú náà padà, Ludwig kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Göttingen. Nítorí náà, Rokseth jókòó sí ìlú tí ènìyàn méjì láti ìjọba kejì ti ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì parí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ààlà orílẹ̀-èdè ti yí padà láàárín wọn. Motet kò yí padà.

Ìdìpọ̀ ìkẹrin jáde ní 1939, ogun sì dé. Wọ́n kó gbogbo Yunifásítì Strasbourg, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, lọ sí Clermont-Ferrand, Rokseth sì wà lára wọn. Nígbà tí Jámánì gba Alsace, agbègbè tí Strasbourg wà, wọ́n dá yunifásítì tiwọn sílẹ̀ ní Strasbourg ní 1941, wọ́n sì ń fẹ́ kí èyí tó wà ní Clermont-Ferrand pa rẹ́. Àwọn olùkọ́ kọ̀. Ní 25 Oṣù Kọkànlá 1943, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ inú yunifásítì náà, wọ́n yìnbọn pa Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Collomp, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí àwọn àgọ́ ìfìyàjẹni. Rokseth wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ko ìjọba Jámánì ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ Résistance dá a lọ́lá lẹ́yìn ogun. Mi ò rò pé ó yẹ kí a máa sọ apá yìí bí ẹni pé ìtàn mìíràn ni, nítorí àwọn tó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n pa yunifásítì wọn rẹ́ náà ni wọ́n ń bá kíkọ́ni lọ lójoojúmọ́.

Ó padà sí Strasbourg. Ní 1947, àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ijó àwọn àlùfáà ní ọ̀rúndún kẹtàlá jáde. Àwọn orin Látìn olóhùn kan tó wà ní apá ìkẹyìn ìwé àfọwọ́kọ kan ní Florence ni ó gbé yẹ̀ wò, tí wọ́n ní lílé àti ègbè. Ó ní irú orin báyìí kò ṣeé dúró gbagidi kọ, pé àwọn àlùfáà ń jó o ní ọjọ́ ọdún. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó bá ti kọ orin onílílé àti ègbè rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé, kí ó wá jẹ́rìí ta kò ó.

Ikú pa á ní 23 Oṣù Kẹjọ 1948 ní Strasbourg, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 58. Kò lò ju ọdún mọ́kànlá lọ nípò olùkọ́ yunifásítì, ogun sì jẹ nínú rẹ̀. Orí tó kọ nípa orin ohun èlò láti ayé àtijọ́ dé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún fún ìtàn orin ńlá tí Oxford ń kó jọ wà nílẹ̀ títí 1960 kí ó tó jáde.

Ní ti ìdìpọ̀ mẹ́rin náà, Hans Tischler bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní Amẹ́ríkà ní 1978, pẹ̀lú La Clayette lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń tún apá ìkẹjọ yẹ̀ wò títí di òní. Àwòrán ìdìpọ̀ kìíní kò tún fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan mọ́, nítorí àwọn ojú ewé náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú wúrà àti àwọ̀ aró inú wọn. Bí ẹ bá ń kọrin láti inú ìdìpọ̀ kejì àti ìkẹta, ẹ ṣọ́ra ní àwọn apá tó ṣáájú Franco, nítorí níbẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí ìlù orin ti pọ̀ jù. Ẹ gbé ti Rokseth àti ti Tischler sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì gbìyànjú méjèèjì lẹ́nu kí ẹ tó mú ọ̀kan. Ìdìpọ̀ ìkẹrin ní tirẹ̀ ni ìwé tí mo ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti kọ́kọ́ kà, bí èdè Faransé rẹ̀ bá dán mọ́rán.